Ìdajì Tó Wà ní Etí Ìró

“Wọ́n ní ìdajì ló ń fún ọmọ náà…”

“Ìdajì kí ni?”

“Oògùn ni o. Ó fi ọ̀bẹ gé e, ó wá mú èyí tó kù, ó só o mọ́… Ẹ gbé ike yẹn fún mi. Ẹni tó rí i kì í purọ́. Ojú fèrèsé ló ti…”

“Háà! Kí ló wá fẹ́ fi…”

“Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Obìnrin tí kò ní tirẹ̀ nílẹ̀, tó wá ń tọ́jú méjì méjì fún ẹlòmíràn…”

Alùpùpù Tàófíìk yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí, ọ̀rọ̀ náà sì kú mọ́ wọn lẹ́nu. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó tò sídìí ẹ̀rọ omi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọ ike tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Èkejì gbójú sókè, ó ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ka ẹyẹ.

“Bàbá Ìbejì, ẹ káàárọ̀ o. Ara Kẹ́hìndé ńkọ́?”

“A dúpẹ́. Ara ẹ̀ ń fẹ́ yá.”

Ní Igbó-Ọrà, bí èèyàn bá pe Bàbá Ìbejì níbi tí èrò wà, ẹni mẹ́ta mẹ́rin ló lè dáhùn. Tàófíìk a máa fi ṣàwàdà pé bí ìyàwó òun bá fẹ́ pe òun lójú ọ̀nà, àfi kó súfèé. Láàárọ̀ yìí, àwọn ọkùnrin méjì tí àwọn náà jẹ́ bàbá ìbejì ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sóko, wọn kò yíjú padà. Gbogbo wọn ti mọ Bàbá Ìbejì tí wọ́n ń kí.

“Ẹ jẹ́ kí Bàbá Ìbejì pọn tiwọn ná,” ni ẹni tó ń fọ ike wí. Gbogbo wọn sì yàgò.

Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà á lẹ́rù. Ní ọjọ́ mìíràn, ẹni tó bá fẹ́ ré ìlà kọjá nídìí ẹ̀rọ omi yẹn, èébú tí yóò gbà yóò tó o jẹ sùn. Lónìí, wọ́n gba ike lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n pọn ọ́n kún, wọ́n tún bá a dè é mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Kò sí ẹni tó bá a ṣe ẹ̀fẹ̀. Nígbà tó ṣáná, tó ń lọ, ó mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ọrùn pé wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n bá a dé.

Nílé, Hàlímọ̀ ti po ògì, ó ti dà á sínú fùláàsìkì, ó ti dé e. Àbúrò Tàófíìk ni, ọmọ ìyá rẹ̀. Ilé ọkọ ní Tápà ló wà tẹ́lẹ̀, kí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ tó ní kó lọ sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí ọmọ tí kò tètè dé. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó wá bi í bóyá ó ti sinmi tó. Òun ló ń mójú tó àwọn ìbejì nígbà tí Tàófíìk bá wà lóko ẹ̀gẹ́, tí Rùkáyyàh ìyàwó rẹ̀ sì wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu Hàlímọ̀. Bí wọ́n bá ní kó gbá iwájú ilé, iwájú ilé náà ni yóò gbá. Kò ní fi ewé kan sílẹ̀, kò sì ní fi ìgbálẹ̀ kan ẹ̀yìnkùlé.

Ẹyin méjì ló sè. Ó ti bó ọ̀kan fún Táyé, ó wé èkejì sínú bébà fún ẹni tó wà ní ọsibítù. Láti ìgbà tí gbólóhùn asọ̀ díẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà nítorí ẹyin, Hàlímọ̀ kì í gbé ohun kan ṣoṣo dé iwájú àwọn ọmọ náà mọ́. Tàófíìk ti ṣàkíyèsí rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn pé àbúrò òun jẹ́ ẹni tó ń gbọ́rọ̀.

Táyé jókòó sórí àpótí, ó wọ kaba aláwọ̀ ewé tí ìyá rẹ̀ rán fún àwọn méjèèjì. Èkejì kaba náà wà ní kíká nínú ọ̀rá, kí Kẹ́hìndé náà lè wọ tirẹ̀ lónìí.

“Bàbá, ẹ sọ fún Kẹ́hìndé pé ẹnu mi ò korò mọ́.”

“Màá sọ fún un.” Okùn tí yóò fi de fùláàsìkì ni Tàófíìk ń wá kiri. Ọ̀rọ̀ ọmọdé gba etí kan wọlé, ó gba èkejì jáde.

Hàlímọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sẹ́yìn. “Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí n bá yín lọ? Mi ò tíì fojú kàn án láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e lọ.”

“Ta ni yóò mú Táyé lọ sílé ìwé?”

“Kò burú.”

Ní òdìkejì ọ̀nà, Ìyá Bólúwadúró dúró lójú fèrèsé rẹ̀. Tíṣà ni, kì í ṣe aláròká. Nígbà tí àwọn ìbejì wà ní ọmọ ọwọ́, bí èèyàn bá gbọ́ igbe wọn lóru, òun ló máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Tàófíìk juwọ́ sí i. Kò juwọ́ padà. Ó rọra fa aṣọ fèrèsé náà, ó sì di pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́.

*

Ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀lé ti Kẹ́hìndé ti ṣófo. Ọmọkùnrin kan ló wà lórí rẹ̀ lánàá, tó ń bá ìyá rẹ̀ ṣe gbọ́nmi-si-omi-ò-to nítorí bisikíìtì. Wọ́n ti gbé tìmùtìmù rẹ̀ síta, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi ti ògiri. Tàófíìk wò ó nígbà tó ń kọjá. Kò bi ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì tó pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rí i pé ó wò ó, ó sì yí ojú sí ibòmíràn.

Kẹ́hìndé dùbúlẹ̀ bí ẹni tó sùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe oorun. Omi ń kán sí i lára láti inú ọ̀rá tí wọ́n fi kọ́ òkè. Ìpéǹpéjú rẹ̀ là díẹ̀, funfun ojú nìkan ló hàn níbẹ̀.

“Gìrì tún mú un lóru,” ni Rùkáyyàh wí. Kò gbójú kúrò lára ọmọ. “Lẹ́ẹ̀mejì.”

Dókítà Bámiṣẹ́ wọlé kí Tàófíìk tó rí ibi jókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ojú ẹni tí kò fi ẹ̀yìn kan ibùsùn.

“Bàbá Ìbejì, mo fẹ́ tún bi yín léèrè kan. Oògùn ibà oníhóró tí mo fún yín nígbà tí ẹ kọ́kọ́ gbé e wá, tí mo ní kó máa lò láàárọ̀ àti lálẹ́, ṣé ó lò ó tán?”

“Ó lò ó tán, Dókítà. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ju páálí rẹ̀ nù. Kò ku hóró kan.”

“Ó dá yín lójú?”

“Bí ẹ bá ní kí n búra, màá búra.”

Dókítà náà fọwọ́ nu ojú. “Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Bí ọmọ bá lo oògùn yẹn pé, tí ibà sì tún padà fò mọ́ ọn báyìí, a jẹ́ pé oògùn náà kò ràn án. Abẹ́rẹ́ tí mo ń gún fún un, ìran kan náà ni òun àti oògùn yẹn. Bí èyí kò bá ràn án, Ìbàdàn ni wọ́n ti ní òmíràn.”

“Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ Ìbàdàn nígbà náà.”

“Ẹ mọ ọ̀nà yẹn, Bàbá Ìbejì. Bí gìrì bá tún mú un láàárín kòtò àti gegele, kò sí nǹkan kan tí màá lè ṣe fún un nínú ọkọ̀.” Ó wo ọmọ náà, ó tún wo bàbá. “Ẹ jẹ́ ká máa wò ó títí wọn yóò fi pe ìrun àlàásárì. Bí kò bá yí padà, Ìbàdàn náà ni, kí ọkọ̀ ti wà nílẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, kí n ṣáà máa gún un. Ṣùgbọ́n èyí tó kù lọ́wọ́ wa kò tó. Ẹ bá mi wá abẹ́rẹ́ náà kiri.”

Ìgbà tí dókítà jáde tán ni Rùkáyyàh tó gbé fùláàsìkì. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Ta ló po ògì yìí?”

“Hàlímọ̀ ni. Ta ló tún kù nílé?”

Ó dìde, ó gbé fùláàsìkì náà lọ sẹ́yìn wọ́ọ̀dù, ó sì da gbogbo ògì náà sínú gọ́tà. Èéfín ń jáde lára rẹ̀ bó ṣe ń ṣàn lọ. Nígbà tó padà, ó rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ tó dùbúlẹ̀ gbọ́.

“Ìyá Bólúwadúró wá síbí nírọ̀lẹ́ àná. Ó ní òun ò lè dákẹ́ mọ́. Láti ojú fèrèsé rẹ̀ ló ti ń rí obìnrin yẹn. Yóò fi ọ̀bẹ gé hóró oògùn ọmọ mi sí méjì, yóò fún un ní ìdajì, yóò wá só ìdajì mọ́ etí ìró rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Kí ló ń fi ṣe, Bàbá Ìbejì? Kí ni èèyàn ń fi oògùn ọmọ ọlọ́mọ ṣe nínú etí ìró?”

Obìnrin yẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú Rùkáyyàh wọlé ìyàwó, Àǹtí Hàlímọ̀ ló ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Rùkáyyàh ló dàgbà jù.

“Ẹnu ayé ni,” ni Tàófíìk wí. “Oògùn tí mo rí páálí rẹ̀ pé ó ti tán.”

“Méjì tí mo bí ló pọ̀ jù lójú ẹ̀. Ọ̀kan ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi.”

“Rùkáyyàh!”

“Ẹ mú un padà sí Tápà lónìí. Bí mo bá dé ilé tí mo bá a níbẹ̀, èmi àti àwọn ọmọ mi ò ní wọlé.”

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó, kò sí èyí tó rò nínú àwọn méjèèjì pé ó yẹ kí dókítà gbọ́ ọ. Lójú Rùkáyyàh, ọ̀rọ̀ inú ilé ni, irú èyí tí èèyàn kì í sọ létí nọ́ọ̀sì. Lójú Tàófíìk, ìtìjú ni. Ó mú bébà tí dókítà kọ orúkọ abẹ́rẹ́ sí, ó sì jáde lọ. Kaba aláwọ̀ ewé náà wà lórí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ní kíká bó ṣe gbé e wá.

*

Kò sí abẹ́rẹ́ náà ní àwọn ilé oògùn tó wà ní Igbó-Ọrà. Wọ́n ní kó lọ wò ó ní Èrúwà. Ó kọrí sí Èrúwà. Òjò ti ṣú lápá Ìdèrè láti àárọ̀, ojú ọjọ́ dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n òjò náà kò rọ̀, kò sì lọ. Afẹ́fẹ́ ń gbá eruku àti èèpo ẹ̀gẹ́ kọjá lójú títì. Àwọn àgbẹ̀ tó yẹ kó wà lóko ti ń padà bọ̀, wọ́n ń rìn kíákíá, wọn kò kí ara wọn.

Ó rí abẹ́rẹ́ náà rà. Nígbà tó ń bọ̀ ni taya ẹ̀yìn jò. Ó ti alùpùpù náà títí dé ọ̀dọ̀ Malachi tó ń lẹ taya lẹ́bàá ọ̀nà. Malachi mọ̀ ọ́n dáadáa. Apanilẹ́rìn-ín ni. Ó tú taya, ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi, ó sì pariwo.

“Bàbá Ìbejì! Ẹ wá wò ó o, taya yín náà ti bí ìbejì! Ihò méjì! Èwo wá ni Táyé níbẹ̀, èwo ni Kẹ́hì…”

Ó gbé orúkọ náà mì. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó yára lẹ ihò méjèèjì tán. Nígbà tí Tàófíìk na owó sí i, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

“Ẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa lọ rí ọmọ ná.”

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Tàófíìk rí i rí kí Malachi má gba owó iṣẹ́. Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń lọ gbé òkú ìyàwó rẹ̀ ni kò ti gbà á.

Fóònù dún nínú àpò rẹ̀ kó tó gun alùpùpù. Ó wo orúkọ Rùkáyyàh lójú rẹ̀, ó jẹ́ kó dún títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Kò sí ohun tó yá èèyàn lára láti gbọ́ nínú fóònù tó bá dún nírú àkókò bẹ́ẹ̀.

“Ẹ ti rí i?”

“Mo ti rí i. Báwo ló ṣe wà?”

“Ẹ sáré,” ni Rùkáyyàh wí.

Ó sáré. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ náà. Ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo àyà ọmọ náà bó ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀, àyà rẹ̀ ń yára jù. Lẹ́yìn èyí, apá Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì ní kí àwọn òbí bọ́ síta. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n wọlé padà, Dókítà Bámiṣẹ́ kò dúró de àlàásárì mọ́.

“Ẹ wá ọkọ̀.”

Búrẹ́mọ̀ tó ń na Ìbàdàn jẹ́ ọ̀rẹ́ Tàófíìk. Ó ní kí àwọn èrò tó ti jókòó sínú ọkọ̀ òun sọ̀ kalẹ̀, kò sí ẹni tó jiyàn. Ìyẹn náà ba Tàófíìk lẹ́rù. Ó sọ fún Rùkáyyàh pé òun fẹ́ lọ mú ìró àti aṣọ òtútù nílé kí àwọn tó gbéra.

“Ẹ mú òun náà,” ni Rùkáyyàh wí. “Kí n tó wọ ọkọ̀ yẹn, kó ti wà lọ́nà Tápà.”

*

Hàlímọ̀ jókòó sórí àpótí Táyé lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹrù rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní dídì, báàgì kan ṣoṣo.

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Mo lọ pọn omi.”

Ó ti kó ìró Rùkáyyàh méjì jọ pẹ̀lú aṣọ òtútù ọmọ, bí ẹni pé ó ti mọ ohun tí wọn yóò nílò. Ó tọ́ka sí ìkòkò. “Mo ti se oúnjẹ Táyé sílẹ̀ kó tó ti ilé ìwé dé. Mo se ti Kẹ́hìndé náà. Ó wà nínú abọ́ kejì.”

Ìyá Bólúwadúró dá ọ̀nà kọjá wá bá wọn nígbà tí wọ́n ń jáde. Ó di gèlè rẹ̀ mú nítorí afẹ́fẹ́. “Bàbá Ìbejì, mi ò ní kí wọ́n lé e o. Ohun tí ojú mi rí ni mo sọ. Mo dẹ̀ ti gbàdúrà sí i kí n tó sọ ọ́.” Kò wo ojú Hàlímọ̀. Hàlímọ̀ kúnlẹ̀ kí i bó ṣe máa ń kí i ní ojoojúmọ́, ó sì gun ẹ̀yìn alùpùpù.

Kò wúwo. Tàófíìk kò mọ̀ bóyá ó wà lẹ́yìn òun àbí kò sí, àfi bí báàgì náà bá gbún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n dé gáréèjì. Agbèrò ń ké, “Ayétẹ̀! Tápà! Ó ku ẹnì kan, ẹnì kan tí ò ní ẹrù!” Tàófíìk gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbé e fún agbèrò.

“Hàlímọ̀.”

“Bọ̀ọ̀dá.”

“Wọ́n ní o ń gé oògùn Kẹ́hìndé sí méjì.”

Ó dúró kí ó sọ pé irọ́ ni. Láti àárọ̀ ló ti fi àyè ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ dè é. Kó ṣáà ti sọ pé irọ́ ni, òun yóò gbà á gbọ́, òun yóò mọ bí òun yóò ṣe bá Rùkáyyàh sọ ọ́.

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni kí ni?”

“Mò ń gé e. Láàárọ̀ àti lálẹ́.”

“O wá ń só ìdajì mọ́ etí ìró.”

“Bó bá jẹ́ ti alẹ́ ni. Táyé kì í tíì dé láti ilé kéú. Mo máa ń só o kó má baà sọnù títí yóò fi dé.”

“Táyé?”

“Táyé ló ń lo ìdajì kejì.”

Ẹnu mi ò korò mọ́. Ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ yẹn padà wá bá a láàárín ariwo gáréèjì, ní ohùn ọmọ náà gan-an. Ó di ọwọ́ alùpùpù mú.

“Kí ló ṣe Táyé tó fi ń lo oògùn ibà?”

“Kò sí nǹkan kan tó ṣe é.”

“Ta ló wá ní kí o máa fún un?”

Hàlímọ̀ la ẹnu. Agbèrò dé, ó na ọwọ́ sí báàgì, “Ṣé wọ́n ń lọ àbí wọn ò lọ, Alájì?” Hàlímọ̀ pa ẹnu náà dé. Tàófíìk gbá ọwọ́ agbèrò náà dànù.

“Gùn ún padà,” ló sọ fún àbúrò rẹ̀. Ọ̀mùgọ̀ wo ló ń pín oògùn bí ẹni pín àkàrà? Èwo nínú àwọn ìyá arúgbó àdúgbò ló kọ́ ọ nírú rẹ̀? Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́, yóò sọ ọ́ lójú Rùkáyyàh, yóò sọ ọ́ lójú dókítà, kí gbogbo ayé gbọ́.

*

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ Búrẹ́mọ̀ ṣí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Rùkáyyàh ti jókòó sínú rẹ̀, Kẹ́hìndé wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nọ́ọ̀sì na ọ̀rá omi sókè. Ó rí Hàlímọ̀ lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó sì fi apá méjèèjì bo ọmọ náà.

“Dókítà, kò lò ó tán!” Tàófíìk kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tó ti ń pariwo. “Ìdajì ló lò! Sọ fún wọn. Hàlímọ̀, sọ fún wọn bó o ṣe sọ fún mi.”

Hàlímọ̀ sọ ọ́. Ìdajì láàárọ̀, ìdajì lálẹ́, Kẹ́hìndé lo tirẹ̀, Táyé lo tirẹ̀, títí páálí fi ṣófo. Kò fi kún un, kò sì yọ kúrò nínú rẹ̀.

Dókítà Bámiṣẹ́ di ojú fún ìgbà díẹ̀. “Ìdajì,” ló wí. Ó tún un wí. “A jẹ́ pé oògùn náà kò kùnà. Kò lò ó tó ni.” Ó yí sí nọ́ọ̀sì. “Ẹ gbé e padà wọlé. Kò sí Ìbàdàn. Abẹ́rẹ́ tó wà níbí náà ni iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó fo ọ̀kan.” Lẹ́yìn náà, ó bá Tàófíìk sọ̀rọ̀ ní jẹ́jẹ́. “Yóò ràn án, bí a ò bá tíì pẹ́ jù. Ọ̀la ni yóò sọ fún wa.”

Wọ́n gbé Kẹ́hìndé kọjá. Apá rẹ̀ kan ń já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, Hàlímọ̀ na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ gbé apá náà padà sórí ikùn rẹ̀. Rùkáyyàh ta ọwọ́ náà nù.

“Ta ló kọ́ ẹ?” Ojú rẹ̀ ti pọ́n, kò sì bìkítà mọ́ nípa ẹni tó ń gbọ́. “Ta ló rán ẹ sí mi lọ́mọ? Oògùn! Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n ń pín oògùn?”

“Dá wọn lóhùn,” ni Tàófíìk wí.

Hàlímọ̀ wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwò náà kò ní ìbínú nínú. Ìwò ẹni tó ń tọrọ ààyè ni.

Òórùn ẹyin díndín ló kọ́kọ́ dé imú Tàófíìk, níbi tí kò ti sí ẹyin. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ara Kẹ́hìndé kọ́kọ́ gbóná ni. Ó ti oko dé, ebi ń pa á, ó bá Kẹ́hìndé níbi tó ti ń jẹ ẹyin kan tí Hàlímọ̀ dín fún un kó lè rí nǹkan jẹ, Táyé sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún. Ó pariwo. Ó rántí pé òun pariwo, nítorí Ìyá Bólúwadúró yọjú láti òdìkejì ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó jẹun, ó kírun, ó sùn dáadáa. Ariwo ara rẹ̀ ló rántí. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ariwo náà ni kò rántí.

Òjò tó ti ṣú láti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán lórí páànù ọsibítù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń rò ó kó tó sọ̀rọ̀.

“Sọ ọ́,” ló wí.

“Bọ̀ọ̀dá…”

“Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an. Má yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀.”

Hàlímọ̀ kó ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ síwájú. Ó sọ ọ́ bí ọmọ ilé kéú ṣe ń ka ohun tí wọ́n ní kó mọ̀ sórí, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, láìgbé ohùn sókè.

“Ẹ ní, ‘Hàlímọ̀, o ò bímọ rí, ìyẹn ni ò jẹ́ kó o mọ̀. Wọn kì í yọ ọ̀kan sílẹ̀ nínú ìbejì. Láti òní lọ, ohunkóhun tó bá wọ ẹnu Kẹ́hìndé nínú ilé yìí, ìbáà dùn, ìbáà korò, kí ìdajì rẹ̀ wọ ẹnu Táyé. Mi ò fẹ́ mọ ohun tó jẹ́. Ọjọ́ tí mo bá tún gbọ́ pé o fi nǹkan kan du ọ̀kan nínú wọn, ọjọ́ náà lo máa padà sí Tápà.’”